Ẹni Tó Wọ Bàtà

Ọ̀sán Sátidé, òjò Leicester ń fọ́n wínníwínní,
ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí ní kíṣìnnì,
inú tẹlifíṣọ̀n sì ni ìlú kan ti ń wó.
Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi ló di páàdì mú.
Ó ní, "Màámi, ẹ má kọjá níwájú mi, ilẹ̀ fẹ́ẹ́ mì."

Àwa tí a bí síbi tí ilẹ̀ kì í ti í mì,
tí a ń pè é ní ọ̀gẹ́rẹ́, tí a ń fi í mulẹ̀,
a ní ẹni tó bá dalẹ̀, ilẹ̀ á mú un lọ.
Ó dáa.
Bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wá dalẹ̀ ńkọ́?
Ta ni yóò mú ilẹ̀, ibo ni yóò mú un lọ?

Wọ́n jẹ́ mẹ́rin lórí àga, ẹnu wọn ò sì kò.
Kírán, ọmọ àwọn ará òkè, ní géèmù náà ń wọ́lẹ̀:
"Ọkùnrin yìí ń rìn bí ẹni tó ru àpò ìrẹsì.
Mo tẹ bọ́tìnì pé kó lóṣòó,
kó tó lóṣòó, afárá ti já."
Jodie ní irọ́ ni, òun ò rí irú rẹ̀ rí,
pé nígbà tí òrùlé ilé-ìwé yẹn wó, òun sunkún,
mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lòun fún un.
Abọ́sẹ̀dé ní mẹ́fà. Báàgì ló ń bí i nínú:
omi ìgò méjì, tọ́ọ̀ṣì, búrẹ́dì, ó ti kún.
"Ta ló ń sá àsálà tó tún ń wọn ẹrù?"

Mo rẹ́rìn-ín sínú.
Mo rántí òṣùwọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú Ìkejà,
kílò mẹ́tàlélógún, kò gbọdọ̀ lé,
bí mo ṣe yọ odó kékeré ìyá mi
kí bàtà òtútù lè ráyè wọlé.

Adéṣípẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ò sọ pé ó dára,
kò sọ pé kò dára.
Nígbà tó kàn án, omi ló ń tà.
Géèmù bi í pé, ṣé kí o bu omi fún obìnrin yìí, àbí kí o tà á?
Ó tà á. Ó tún fowó lé e.
"Géèmù ṣáà ni, Àǹtí."
Mo ní mo gbọ́.

Ìyá àgbà Kírán sọ̀kalẹ̀ wá pe ọmọ kó wá jẹun.
Ó dúró lẹ́yìn àga, ó fa ṣọ́ọ̀lù mọ́ra,
ó wo ìlú náà títí ó fi wó tán.
Ó wá fi èdè wọn sọ̀rọ̀, Kírán ń tú u fún wa,
ohùn ọmọ náà ń lọ sílẹ̀:
"Ó ní, báwo ni ọkùnrin yìí ṣe ráyè wọ bàtà?
Ó ní lọ́jọ́ tiwọn, àárọ̀ ni,
kò sẹ́ni tó wọ bàtà.
Ó ní eruku ni wọ́n ń mí.
Ó ní… kò sọ èyí fún wa rí."
Màmá ní oúnjẹ ń tutù. Ó gòkè lọ.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ dé ibi tó ti máa ń sáré,
àwọn ife ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú kọ́bọ́ọ̀dù.
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Abọ́sẹ̀dé wọ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ,
ó bọ́ bàtà ọkùnrin náà.
Gíláàsì lójú títì, ẹ̀jẹ̀ ń dínkù ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan,
kò dé òpópónà kejì tó fi kú.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú.
Jodie ní ó ti di mẹ́ta nínú mẹ́wàá báyìí, ta ló lè jẹ ẹ́?
Adéṣípẹ̀ ní ẹ wọ̀ ọ́ fún un padà.
Kírán ní rárá, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò mọ ẹni tó borí nínú wọn,
iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè mí, mo ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù.
Lẹ́nu ọ̀nà, mo bá bàtà wọn,
mẹ́jọ, ọ̀tún pẹ̀lú òsì,
tí mo ní kí wọ́n bọ́ kí ilẹ̀ mi má baà dọ̀tí.
Mo kó wọn wọlé.
Mo tò wọ́n sẹ́yìn àga, n ò wí nǹkan kan.